Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Àwọn Ayàwòrán Òkun àti Ilẹ̀ ní Ìlú Ọba

Lẹ́tà lórí àwòrán òkun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù lóṣù yìí, nítorí náà òun nìkan la fi ojú ewé yìí dáhùn. A gé àwọn lẹ́tà kan kúrú, àmọ́ a kò yí ìbéèrè ẹnikẹ́ni padà.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ ojú omi kan wà lára owó 20 pọ́n-ùn tí à ń ná níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọkùnrin kan. Ọmọ mi ní ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni wọ́n yà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Lọ́ńdọ̀nù)

Ọmọ yín rí i sọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Ọkùnrin yẹn ni J. M. W. Turner (1775–1851), ọkọ̀ náà sì ni Temeraire. Ọdún 1839 ni Turner gbé àwòrán náà hàn ní Royal Academy, ilé ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà ní Lọ́ńdọ̀nù. National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù ló wà báyìí, ọ̀fẹ́ sì ni wíwọlé lọ wò ó. Oṣù kejì ọdún 2020 ló dé ara owó.

Ọkọ̀ ogun ni Temeraire. Chatham ni wọ́n ti sọ ọ́ sómi ní 1798, ìbọn ńlá 98 ló rù, nígbà ìjà ojú òkun Trafalgar ní 1805 sì rèé, ẹ̀yìn Victory, ọkọ̀ Nelson, ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, gẹ́lẹ́ ló wà. Nígbà tó gbó, wọ́n tà á fún John Beatson ní 5,530 pọ́n-ùn pé kó lọ tú u palẹ̀. Ní ọjọ́ 5 àti ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án ọdún 1838, wọ́n fà á láti Sheerness gba orí odò Thames lọ sí Rotherhithe. Títí débẹ̀, òtítọ́ pọ́ńbélé ni.

Ibi tí Turner ti fi ti ara rẹ̀ kún un rèé. Kí ọkọ̀ náà tó kúrò ní Sheerness, wọ́n ti yọ òpó ìgbòkun rẹ̀, wọ́n ti kó ìbọn rẹ̀, ara igi lásán ni wọ́n ń fà lọ. Turner dá gbogbo òpó padà, ó sì kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní funfun àti àwọ̀ wúrà, bí ẹni pé kò sí nínú ayé mọ́. Ọkọ̀ kékeré méjì ló fà á. Ẹyọ kan ni Turner yà. Ẹ tún wo ọkọ̀ kékeré náà dáadáa. Ọ̀pá èéfín rẹ̀ ló ṣáájú, òpó rẹ̀ wà lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ òpó ló yẹ kó ṣáájú. Nítorí pé ó gbé ọ̀pá èéfín síwájú báyìí ni iná àti èéfín rẹ̀ fi rí àyè fẹ́ padà lu àwọn òpó Temeraire.

Èyí tó wá ga jù ni oòrùn. Ẹni tó bá ń ti Sheerness lọ sí Rotherhithe, ìwọ̀ oòrùn ló dojú kọ. Tí oòrùn bá wá ń wọ̀, iwájú ọkọ̀ ló yẹ kó wà. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni Turner gbé e sí, nítorí ó fẹ́ kí ọjọ́ tó ń kú wà lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń lọ kú. Ẹ̀bá Thames ló ti lo púpọ̀ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀, ó mọ ọ̀nà omi yẹn dunjú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó ṣèèṣì ni.

Mo gbọ́ pé Turner yìí kan náà ya ọkọ̀ tó ń da àwọn ènìyàn wa sínú òkun. Níbo ni àwòrán náà wà? Ṣé Yorùbá ni àwọn tí wọ́n dà nù? (Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn, Ilé-Ifẹ̀)

Museum of Fine Arts ní Boston, ní Amẹ́ríkà, ló wà láti 1899. Ọdún 1840 ni Turner gbé e jáde, àkọlé rẹ̀ sì là á mọ́lẹ̀: àwọn aṣòwò ẹrú ń ju òkú àti àwọn tó ń kú lọ sómi, ìjì ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló so ó mọ́ ọ̀ràn ọkọ̀ Zong ní 1781. Àwọn atukọ̀ náà ju ènìyàn tó lé ní 130 sínú òkun, àwọn olówó ọkọ̀ ní Liverpool sì lọ béèrè owó lọ́wọ́ àwọn adójútòfò bí ìgbà tí ẹrù bá sọnù. Olaudah Equiano, tó ti ṣe ẹrú rí, ló gbé ìròyìn náà tọ Granville Sharp, ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbógun ti òwò ẹrú, lọ ní 1783, òun ni ariwo fi ta.

Etíkun Gánà òde òní ni Zong ti kó wọn, Accra ló sì ti ṣí kúrò níbẹ̀, nítorí náà a kò lè pè wọ́n ní Yorùbá.

Tí ẹ bá rí àwòrán náà, oòrùn pupa tó la òkun sí méjì lojú yín máa kọ́kọ́ lọ bá. Ẹ gbójú wálẹ̀ sí igun ọ̀tún. Ẹsẹ̀ kan ló yọ síta nínú omi níbẹ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ṣì wà ní ọrùn ẹsẹ̀ náà, ẹja ti ṣù bò ó. Ẹ̀wọ̀n irin wà lójú omi, kò rì. Irin kì í léfòó, Turner náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi í sókè kí ojú yín má bàa fò ó.

Èyí tó kan ìhà ọ̀dọ̀ wa gan-an ni àwòrán tí William John Huggins (1781–1845) yà, tí Edward Duncan (1803–1882) tó fẹ́ ọmọ rẹ̀ sì gbẹ́ sórí irin fún títẹ̀. Black Joke, ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ló ń bá El Almirante, ọkọ̀ ẹrú àwọn ará Sípéènì, jà ní ẹkùn òkun Benin ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1829. Ènìyàn 466 ni wọ́n bá nínú rẹ̀.

Ẹ tún fi Clarkson Stanfield (1793–1867) sọ́kàn, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá nínú yíya òkun láyé Ọbabìnrin Victoria. Bàbá rẹ̀, James Field Stanfield, bá ọkọ̀ ẹrú kan láti Liverpool lọ sí Benin ní 1774, ó sì gbé níbẹ̀ fún oṣù díẹ̀. Ohun tó fojú rí sọ ọ́ di ọ̀tá òwò náà, ó kọ ọ́ síta ní 1788. Nígbà tó bí ọmọ yìí, orúkọ Thomas Clarkson tó ń gbógun ti òwò ẹrú ló sọ ọ́.

Mo ra àwòrán òkun kan ní ọjà àlòkù ní 15 pọ́n-ùn. Wọ́n kọ “H. Moore” sí igun rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní Henry Moore tí iṣẹ́ rẹ̀ wọ́n bí ojú ni, pé mo ti dolówó. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀? (Awakọ̀ bọ́ọ̀sì, Manchester)

Henry Moore méjì ló wà. Èyí tí ọ̀rẹ́ yín gbọ́ orúkọ rẹ̀ (1898–1986) ère ló ń gbẹ́. Èkejì, ará York (1831–1895), ẹ̀gbọ́n ayàwòrán Albert Moore, òun ló ń ya òkun. Àwòrán rẹ̀ kan láti 1885, Catspaws off the Land, wà lọ́wọ́ ilé àwòrán Tate. Òkun gbalasa ló fẹ́ràn, búlúù rẹ̀ jinlẹ̀, atẹ́gùn a máa ru ojú omi, ọkọ̀ inú rẹ̀ kì í sábà tóbi. Ẹ má kó o pọ̀ mọ́ John Moore ará Ipswich (1820–1902) tí òun náà ya ọkọ̀ àti òkun púpọ̀.

Àmọ́ ẹ gbé orúkọ tì ná. Ohun àkọ́kọ́ ni bóyá ọwọ́ ló kùn ún tàbí ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá awò ìlọ́po mẹ́wàá, irú èyí tí àwọn oníwúrà ń lò, kí ẹ fi wo ojú ọ̀run inú àwòrán náà. Bí ẹ bá rí tótòtó kéékèèké tó tò létòlétò, títẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá rí i, ẹ má tíì yọ̀. Láyé Victoria, wọ́n máa ń tẹ àwòrán aláwọ̀ púpọ̀ sórí bébà, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ ojú kánfáàsì sí i lára, wọ́n á wá fi fánííṣì kùn ún lé e. Ó ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ohun tó ń tú u fó ni tọ́ọ̀ṣì: ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ra ojú àwòrán náà. Ọ̀dà tí ọwọ́ kùn máa ń ga níbi ìfófòó, ó máa ń tẹ̀lé bí ìgbì ṣe yí, ó sì máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ níbi ojú ọ̀run. Ti ẹ̀rọ dọ́gba látòkè délẹ̀, kò mọ omi yàtọ̀ sí ìkúùkuu.

Ẹ wá yí i padà. Ẹ̀yìn àwòrán kì í purọ́ tó iwájú. Kánfáàsì ayé Victoria á ti pọ́n, ìṣó kéékèèké onírin tó ti dípẹtà ni wọ́n fi kàn án mọ́ igi, igun igi náà sì máa ń ní èèkàn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì-méjì tí wọ́n fi ń na kánfáàsì nígbà tó bá dẹ̀. Bí ẹ bá rí pín-ìn-nì onísítépù yíká ẹ̀gbẹ́, ó kéré tán ẹnì kan ti tún un nà lẹ́yìn àkókò Moore. Ẹ wá òǹtẹ̀ ẹni tó ta kánfáàsì: “38 Rathbone Place” ni Winsor & Newton, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1832; “99 Long Acre” ni Roberson. National Portrait Gallery ní àkójọ àwọn oníṣòwò yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àdírẹ́ẹ̀sì àti ọdún tí wọ́n fi wà níbẹ̀. Òǹtẹ̀ náà kò sọ ẹni tó yà á o, ó kàn sọ ìgbà tí kò lè ṣáájú ni. Nọ́ńbà dúdú tí wọ́n fi páálí gígé kùn sára igi sábà máa ń jẹ́ ti gbàǹjo Christie's. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, nítorí àkọsílẹ̀ wọn lè fi í tọpasẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n tà á.

Orúkọ ló kù. Awò yẹn náà ni kí ẹ fi wò ó. Ọ̀dà tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún máa ń ní ìlà sísán, ìlà náà sì gbọ́dọ̀ la orúkọ kọjá bó ṣe la omi kọjá. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀dà orúkọ ṣàn wọ inú ìlà sísán, a jẹ́ pé ìlà ló kọ́kọ́ wà, orúkọ dé lẹ́yìn. Tọ́ọ̀ṣì onítànṣán àlùkò ti 365 nanometer náà ṣiṣẹ́. Nínú òkùnkùn, fánííṣì àtijọ́ máa ń tàn ní àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́. Bí orúkọ bá dúdú kirikiri lórí ìtànṣán náà, orí fánííṣì ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ìyẹn ni ẹ̀tàn tó wọ́pọ̀ jù nínú òwò yìí: àwòrán gidi, ayàwòrán tí a kò mọ̀, orúkọ ẹlòmíràn.

Bó bá yege nínú gbogbo èyí, ẹ ya fọ́tò mẹ́rin: iwájú, ẹ̀yìn, orúkọ, àti igun kan tó hàn dáadáa. Ẹ wọn gígùn àti ìbú rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà láìka fírémù, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé gbàǹjo méjì tàbí mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gba owó láti sọ iye tí wọ́n rò. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má pààrọ̀ fírémù, ẹ má fi nǹkan kan pa á. Bí kò bá tilẹ̀ jẹ́ ti Moore, àwòrán tí ọwọ́ yà láyé Victoria ní 15 pọ́n-ùn kò burú rárá.

Àwòrán olóròóró kan tí mo ní ti dúdú. Ìyá kan ní kí n fi àlùbọ́sà tàbí ọ̀dùnkún gígé nù ún. (Òǹkàwé, Birmingham)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àlùbọ́sà wà nínú ọbẹ̀. Omi inú rẹ̀ á gba ìlà sísán wọlé, á débi gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi pa kánfáàsì kí wọ́n tó kùn ún. Gọ́ọ̀mù náà á wú, á tún sún kì nígbà tó bá gbẹ, ọ̀dà orí rẹ̀ á wá máa ṣí ní páálí-páálí. Ṣúgà àti sítáàṣì tó kù sójú rẹ̀ á pe kòkòrò.

Àwòrán Victoria tún ní wàhálà tirẹ̀. Àwọn ayàwòrán ìgbà náà fẹ́ràn láti po fánííṣì mọ́ òróró, kí ọ̀dà lè máa dán, kó sì máa yọ̀ lábẹ́ búrọ́ọ̀ṣì. Nítorí náà ohun tó bá lè ṣí fánííṣì ìdọ̀tí kúrò lójú rẹ̀ lè ṣí ọ̀dà gan-an. Àwọn mìíràn lo ọ̀dà kan tí wọ́n fi bítúmẹ́ẹ̀nì ṣe fún ibi òjìji. Kì í gbẹ tán láéláé, ó máa ń fà, ó sì máa ń ya bí awọ ọ̀nì. Kò sí ọṣẹ tó ń wo ìyẹn.

Ohun tí ẹ lè ṣe nílé kò ju eruku lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá rí ibi tó ti ń ṣí, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó kọjú sókè, kí ẹ pe onímọ̀ ìtọ́jú àwòrán. Bí kò bá sí, ẹ nà án ró kó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ tó fẹ̀ tó íńṣì méjì gbá a láti òkè wá sílẹ̀. Kì í ṣe aṣọ, kì í ṣe ìyẹ́: àwọn méjèèjì máa ń kọ́ ọ̀dà gbígbẹ, wọ́n á sì fà á já.

Ṣé òótọ́ ni pé ayàwòrán ló kọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì láti kun ọkọ̀ ní ilà-ilà nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní? Kí ni ilà fẹ́ ṣe? (Òǹkàwé, Àbẹ́òkúta)

Òótọ́ ni. Norman Wilkinson (1878–1971), ayàwòrán òkun, ló mú àbá náà wá ní 1917. Kò ní in lọ́kàn láti fi ọkọ̀ pa mọ́, nítorí ọkọ̀ tó ń rú èéfín kò ṣe é fi pa mọ́ lójú òkun. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ abẹ́ omi kì í ju àdó olóró síbi tí ọkọ̀ wà. Ibi tí ọkọ̀ máa dé ló ń ju ú sí, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ó kọjú sí àti bó ṣe ń yára tó. Ilà wíwọ́ tó gba orí iwájú ọkọ̀ kọjá máa ń mú kó ṣòro láti mọ ibi tí iwájú náà parí sí. Royal Academy gan-an ni wọ́n ti ń kun àwọn ọkọ̀ àfiṣeré, tí wọ́n ń yí wọn lójú awò láti mọ ilà tó ń rúni lójú jù. Edward Wadsworth (1889–1949) bójú tó irú iṣẹ́ yìí ní Liverpool, ó sì yà á ní 1919. Àwòrán ńlá náà wà ní Ottawa ní Kánádà.

Mo ń kọ́ iṣẹ́ ọnà. Ìgbì tí mo bá yà máa ń dà bí òkúta tí wọ́n kùn ní búlúù, ìfófòó rẹ̀ á dà bí òwú. Báwo ni àwọn Brett àti Hemy ṣe ń ṣe tiwọn? (Akẹ́kọ̀ọ́, Yábà, Èkó)

Ìdí méjì ló wà: ìmọ́lẹ̀ kò la ìgbì rẹ kọjá, funfun rẹ sì pọ̀ jù.

Kí o tó mú búrọ́ọ̀ṣì, mọ̀ pé ojú omi ni àwọn ènìyàn yìí ń gbé. Charles Napier Hemy (1841–1917) sọ ọkọ̀ rẹ̀, Vandermeer, di yàrá iṣẹ́ ní Falmouth. Henry Scott Tuke náà lo ọkọ̀ àtijọ́ kan, Julie of Nantes, bẹ́ẹ̀. John Brett (1831–1902), tí ó tún jẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀, máa ń ya kékeré létí òkun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á wá fi wọ́n ya ńlá nílé nígbà òtútù. Wọ ọkọ̀ lọ sí Tarkwa Bay, jókòó fún wákàtí méjì, ya ìgbì kan ṣoṣo ní ogún ìgbà pẹ̀lú pẹ́ńsùlù. Fọ́tò kò tó, torí ó ń dá ìgbì dúró níbi tí ojú rẹ kì í ti í rí i.

Lo kánfáàsì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì gíga rẹ̀, 30 sí 60 sẹ̀ǹtímítà. Rúlà ni kí o fi fa ibi tí òkun àti ọ̀run ti pàdé. Bó bá wọ́ pẹ́ẹ́, gbogbo omi á dà bí ẹni ń ṣàn jáde nínú fírémù. Po burnt umber (àwọ̀ ilẹ̀) mọ́ ultramarine (búlúù), fi tápéńtáìnì nìkan là á, kí o fi ṣe ibi tó dúdú àti ibi tó mọ́lẹ̀. Fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ìgbì tó sún mọ́ni ní ibi mẹ́ta. Ìdí rẹ̀ ló dúdú jù. Ikùn rẹ̀ ń gba àwọ̀ ojú ọ̀run, nítorí náà wo ọ̀run rẹ kí o tó po àwọ̀ fún un. Orí rẹ̀, níbi tó ti fẹ́ẹ́rẹ́ kó tó wó, ni oòrùn ti ń là á kọjá: viridian (àwọ̀ ewé), yellow ochre díẹ̀, funfun tíńtín. Ibí yìí ni ìgbì tìrẹ ti di òkúta, nítorí pé búlúù kan náà lo fi kun ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. (Viridian kò tíì pẹ́ lọ títí láyé Brett àti Hemy, 1859 ni wọ́n gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní Faransé, àwọn ayàwòrán òkun sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.) Ìgbì tó jìnnà yẹ kó tẹ́ẹ́rẹ́, kó sì sún mọ́ra. Akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń ya gbogbo rẹ̀ ní ìwọ̀n kan.

Ìfófòó kì í ṣe funfun. Eérú ni: funfun, ultramarine, burnt sienna ní ìba díẹ̀. Ya gbogbo ìfófòó ní àwọ̀ eérú yìí, jẹ́ kó gbẹ, kí o tó wá fi funfun gidi kan ibi tí oòrùn bà. Bí funfun náà bá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìfófòó lọ, òwú ti dé nìyẹn.

Ní ti òróró, ìpele kejì gba línsíìdì ìwọ̀n kan sí tápéńtáìnì ìwọ̀n méjì, ìpele kẹta ìwọ̀n kan sí kan. Má yí i padà. Ìpele olóròóró púpọ̀ máa ń pẹ́ gbẹ, ó sì máa ń mì lábẹ́. Bí èyí tó gbẹ kíá bá wà lórí rẹ̀, á ya. Titanium white ni kí o lò. Zinc white nìkan máa ń gan paali lẹ́yìn ọdún díẹ̀, á sì ṣẹ́.

Paríparí rẹ̀, yẹ atẹ́gùn wò. Àsíá, èéfín, ìgbòkun àti ìlà ìfófòó gbọ́dọ̀ gbọ́ràn sí atẹ́gùn kan náà. Àwọn tó ti ṣe atukọ̀ rí, irú Stanfield, kì í ṣì í, àwọn tó ń ra àwòrán wọn sì mọ̀ ọ́n wò.

Bí gbogbo èyí bá ti mọ́ ọ lọ́wọ́ tán, lọ wo Joan Eardley (1921–1963). Ní Catterline ní Scotland, inú ìjì gan-an ló máa ń dúró sí yàwòrán. The Wave tó yà ní 1961 ní yanrìn nínú ọ̀dà. Brett lo máa kọ́ bí omi ṣe rí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní tiwa, Eardley ló yà á bó ṣe ń lù ènìyàn.

Mo rí àwòrán Alfred Wallis ní Cambridge. Ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́fà lè yà á. Kí ló dé tí wọ́n fi gbé e kọ́? (Òǹkàwé, Cambridge)

Ọmọ yín kò tíì wa ọkọ̀ apẹja, Wallis (1855–1942) ti wà á. Lẹ́yìn ikú ìyàwó rẹ̀ ní 1922 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yàwòrán ní St Ives, ọ̀dà ọkọ̀ ló ń lò, páálí tí àwọn onísọ́ọ̀bù bá fún un ló sì ń yà á sí. Kì í gé páálí náà dọ́gba. Bó bá wọ́, òkun rẹ̀ á wọ́ tẹ̀lé e. Ayàwòrán méjì, Ben Nicholson àti Christopher Wood, kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní 1928, wọ́n sì rí ohun tí àwọn fúnra wọn ti ń wá. Ẹ wo bó ṣe ya ìgbòkun: iye okùn àti ibi tí wọ́n so ó mọ́ kì í ṣe àfẹnusọ. Ọkọ̀ tó ṣe pàtàkì sí i ló ń tóbi, ilé ìmọ́lẹ̀ a sì dùbúlẹ̀ bó bá rọrùn bẹ́ẹ̀ fún àwòrán náà. Ilé àwọn aláìní ní Madron ló kú sí. Èyí tí ẹ rí wà lára àwòrán tí Jim Ede kó jọ sí Kettle's Yard, ilé àwòrán kan ní Cambridge yín níbẹ̀.

Mo ń padà sílé sí Èkó. Mo ní àwòrán ọ̀dà olómi mẹ́rin láti ayé Victoria. Ọ̀kan nínú wọn, ojú ọ̀run rẹ̀ ti pọ́n. Báwo ni mo ṣe máa tọ́jú wọn? (Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Leeds)

Ojú ọ̀run tó pọ́n yẹn, eérú ni tẹ́lẹ̀. Aró ni wọ́n pò mọ́ ọ̀dà pupa láti fi ṣe ìkúùkuu, àwọ̀ kan náà tí àwọn aláró ń yọ nínú ewé ẹ̀lú. Nínú aṣọ ó lágbára, ṣùgbọ́n lórí bébà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ báyẹn, oòrùn ń jẹ ẹ́, pupa nìkan á ṣẹ́ kù. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Russell àti Abney, ti kọ ìwádìí jáde lórí rẹ̀ ní 1888. Kò ṣe é dá padà. Ẹ̀rí wà ní Edinburgh pé ó ṣe é dènà: ẹnì kan, Henry Vaughan, fi àwòrán olómi Turner 38 sílẹ̀ fún ilé àwòrán ìjọba níbẹ̀ ní 1900 pé oṣù kìíní ọdún nìkan ni kí wọ́n máa gbé wọn jáde, àwọ̀ wọn sì ṣì mọ́ kedere títí dòní.

Kí ẹ tó kúrò ní Leeds, ẹ jẹ́ kí onífírémù tó mọṣẹ́ tún wọn dì. Páálí ẹ̀yìn àti ti iwájú gbọ́dọ̀ jẹ́ ti òwú tí kò ní ásíìdì. Bébà Japan àti lẹ́ẹ̀ àlìkámà ni kí wọ́n fi so ó mọ́ lókè nìkan, kó lè máa mí; ẹ má gba sẹ́lótéèpù láyè, ó máa ń wọ bébà, á sì fi àbàwọ́n sílẹ̀. Àlàfo gbọ́dọ̀ wà láàárín díńgí àti bébà. Díńgí tó ń dí ìtànṣán oòrùn dára, àmọ́ kò sọ pé kí ẹ gbé e kọ́ síwájú fèrèsé.

Ní Èkó, ọ̀rinrin ni ọ̀tá. Bó bá ti kọjá ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìgbà pípẹ́, bébà á bẹ̀rẹ̀ sí bu. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin, kí ẹ sì gbé àwòrán sára ògiri inú ilé, kì í ṣe èyí tí òjò ń nà. Ẹ lẹ rọ́bà kékeré mọ́ igun méjèèjì nísàlẹ̀ lẹ́yìn fírémù kí atẹ́gùn lè gba ẹ̀yìn rẹ̀. Yàrá tí ẹ ń tan ẹ̀rọ amúlétutù fún wákàtí mẹ́rin, tí ẹ ń pa á, tí ẹ tún ń tan án, burú ju yàrá tí kò ní rárá, nítorí bébà á máa wú, á máa sún kì. Ibi tó bá dúró sójú kan ni kí ẹ yàn.

Ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn wọn kí ẹ tó dì wọ́n. Lẹ́yìn òjò ọdún àkọ́kọ́, ẹ gbé wọn sọ̀kalẹ̀ kí ẹ fi wé fọ́tò náà. Bí tótò aláwọ̀ ilẹ̀ tuntun bá ti yọ, ẹ ṣí fírémù kúrò lára ògiri yẹn lọ́jọ́ náà gan-an.